Odò Kan, Orúkọ Mẹ́rin: Bí Wọ́n Ṣe Sọ Daugava Lórúkọ

Alága ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́ èdè àti olùkọ́ jọ́gíráfì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fi ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ yín sílẹ̀, ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Mo júbà, kí ìbà mi ó ṣẹ.

Nígbà tí ẹ gbọ́ pé mo ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ lórí odò, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín ti máa retí Ọ̀ṣun tàbí Ògùn. Ẹ forí jì mí. Odò tí mo gbé wá lónìí jìnnà sí wa púpọ̀: apá àríwá ìlà-oòrùn Yúróòpù ló ti ń ṣàn, ilẹ̀ olótùútù, ó sì ń dà sínú Òkun Baltic nítòsí ìlú Riga, tí í ṣe olú-ìlú Látfíà. Daugava ni orúkọ rẹ̀. Àbí kí n sọ pé Dvina ni? Àbí Düna? Àbí Väina? Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pè é, odò kan ṣoṣo sì ni. Ohun tó gbé mi dé iwájú yín gan-an nìyẹn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n odò kò ní ilé kan. Ilé rẹ̀ pọ̀, ó ń ti ẹnu ọ̀nà tẹni yìí kọjá lọ sí tẹni tọ̀hún. Kí ni ẹni tó fẹ́ sọ odò lórúkọ máa wá wò? Èsì tèmi ni pé ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí létí odò náà ló ń wò. Bí ẹ bá di ọ̀rọ̀ yìí mú, gbogbo ohun tí mo ní láti sọ kò ní ṣòro láti tẹ̀ lé.

Láti orísun

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ níbi tí omi náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Rọ́ṣíà, ní àgbègbè Tver, ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní òkè Valdai. Òkè ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan níbẹ̀ tó ga tó irínwó mítà. Igbó ni, irà ni, adágún kéékèèké sì pọ̀ níbẹ̀ bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ sójú ọ̀nà tó kún fún kòtò. Láti inú irú adágún bẹ́ẹ̀ ni odò wa ti ń jáde, lẹ́yìn náà ni ó gba inú adágún ńlá kan tí ń jẹ́ Okhvat kọjá.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé odò ńláńlá mẹ́ta ló ti inú agbègbè kan náà jáde. Volga kọjú sí ìlà-oòrùn, ó lọ títí dé Òkun Caspian. Dnieper kọjú sí gúúsù, ó lọ bá Òkun Dúdú. Tiwa kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ó lọ bá Baltic. Àwọn tó kọ ìtàn sílẹ̀ ní Kiev ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìlá ti mọ èyí. Wọ́n kọ ọ́ pé inú igbó Okovsky kan náà ni Dnieper, Volga àti Dvina ti ń ṣàn wá. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tó bá wa ọkọ̀ láti Baltic gòkè lọ, tó bá ní agbára láti wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ gba orí ilẹ̀ díẹ̀ kọjá sí Dnieper, ó lè bá omi lọ títí dé Constantinople, Istanbul òde òní. Àwọn ará Scandinavia ṣe é. Ọ̀nà òwò ńlá ni, àwọn awọ ẹranko, ìda oyin àti ẹrú ń gba ibẹ̀ lọ, fàdákà àti aṣọ olówó iyebíye ń gba ibẹ̀ bọ̀.

Odò náà gùn tó nǹkan bí 1,020 kìlómítà. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Rọ́ṣíà, Bẹ̀lárùs àti Látfíà, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pín in dọ́gba láàárín ara wọn; ti Látfíà tó nǹkan bí 350 kìlómítà. Ní Bẹ̀lárùs, ó gba Vitebsk àti Polotsk kọjá, àwọn ìlú méjèèjì sì jogún orúkọ wọn lára àwọn odò kéékèèké tó ń dà sínú rẹ̀ níbẹ̀: Vitba ló bí Vitebsk, Polota ló bí Polotsk. Odò ńlá kọ́ ló sọ ìlú méjèèjì yìí lórúkọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló gba iyì náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítòsí Polotsk, àwọn òkúta ràgàjì wà nínú omi àti létí omi tí Ọmọọba Boris ní kí wọ́n fín àgbélébùú àti àdúrà sí lára ní ọ̀rúndún kejìlá, pé kí Olúwa ran ìránṣẹ́ rẹ̀ Boris lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Mímọ́ Sophia ní Polotsk báyìí.

Bí ó bá wọ Látfíà, láàárín Krāslava àti Daugavpils, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò tí wọ́n lé jáde nínú oko. Àwọn ará ibẹ̀ ní àlàyé tiwọn fún èyí. Wọ́n ní nígbà tí Ọlọ́run pàṣẹ pé kí gbogbo ẹranko àti ẹyẹ jáde wá gbẹ́ Daugava, ehoro ló sáré ṣíwájú láti la ọ̀nà, ẹ sì mọ bí ehoro ṣe ń sáré, kì í lọ tààrà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tẹ̀ lé e, ó ń wọ́ ìrù nílẹ̀ láti fi sàmì. Gbogbo wọn ṣiṣẹ́, àfi ẹyẹ kan tí ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin ìyeyè, tó ní ẹrẹ̀ yóò ba aṣọ òun jẹ́. Ọlọ́run ní kò burú, kò gbọ́dọ̀ mu nínú odò mọ́ láéláé, omi òjò nìkan ni kó máa mu. Ìdí nìyẹn, wọ́n ní, tí ẹyẹ náà fi ń ké kí òjò tó rọ̀. Àwọn ará Estóníà tó múlé gbè wọ́n ń sọ ìtàn kan náà nípa odò tiwọn, Emajõgi. Ìtàn náà kò mọ ààlà, gẹ́gẹ́ bí omi kò ṣe mọ̀ ọ́n.

Ní ti orúkọ

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbẹ̀.

Orúkọ kìíní ni Daugava, èyí tí àwọn ará Látfíà ń pè é. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà ni pé ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀ níbẹ̀. Ní èdè Látfíà, daudz ni wọ́n ń pe púpọ̀. Ní èdè Lituéníà tó bá a tan, daug ni. Ìparí ọ̀rọ̀ náà, ava, jẹ mọ́ omi tó ń ṣàn. Omi Púpọ̀, ohun tí orúkọ náà ń wí nìyẹn. Bí ẹ bá bi mí, mo fara mọ́ àlàyé yìí, kì í sì í ṣe nítorí ìwé nìkan. Mo dúró lórí Afárá Òkúta ní Riga ní òpin oṣù Ẹrẹ́nà ọdún kan, mo wọ kóòtù méjì léra, imú mi sì ti kú tán. Yìnyín tí ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, òmíràn bí àgbàlá, ń wọ́ kọjá lábẹ́ mi, wọ́n ń gbá ara wọn, wọ́n ń hó wùùwùù bí ìgbà tí wọ́n bá ń da okúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ akẹ́rù. Láti etí kan dé èkejì, ó ju ìdajì kìlómítà lọ. Àgbẹ̀ tó bá gbé ilé rẹ̀ sí etí irú omi yìí, tó rí i bó ṣe ń kún lọ́dọọdún nígbà tí yìnyín bá yọ́, kí ni ìbá tún máa wá kiri? Omi púpọ̀ ni yóò pè é. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, yìnyín dí odò náà lọ́nà ní Jēkabpils, omi sì gòkè débi pé wọ́n ń kó àwọn ènìyàn kúrò nílé. Orúkọ náà kò tíì dẹ́kun jíjẹ́ òtítọ́.

Orúkọ kejì ni Väina. Ti àwọn Lífì ni (Vēna ni ní èdè Lífì, Väina ní ti Estóníà), àwọn ènìyàn tó ń gbé ẹnu odò náà àti etí òkun kí àwọn ará Jámánì tó dé. Èdè Lífì kò bá ti Látfíà tan rárá. Ọmọ ìyá èdè Estóníà àti ti Fínlándì ni. Nínú àwọn èdè wọ̀nyí, väin tàbí väinä ni ọ̀nà omi gbọọrọ tó wà láàárín ilẹ̀ méjì, tàbí odò tó fẹ̀ tó ń ṣàn jẹ́jẹ́. Àwọn ará Estóníà ń pe òkun tó wà láàárín ilẹ̀ wọn àti àwọn erékùṣù wọn ní Väinameri títí dòní. Ẹ rí i báyìí? Àwọn Lífì jẹ́ apẹja. Ẹnu odò ni wọ́n dúró sí, níbi tí odò ti dà bí apá òkun. Ẹni tó wà ní òkè kò lè sọ ọ́ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò rí ohun tí wọ́n rí. Ẹni ìkẹyìn tó fi èdè Lífì ṣe èdè àbínibí, ìyá àgbà kan, kú ní ọdún 2013, ní Kánádà. Èdè náà kò ní ilé mọ́, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kan gbà pé ohùn rẹ̀ ṣì wà nínú orúkọ kẹta tí mo fẹ́ dárúkọ.

Orúkọ kẹta ni Dvina, tí àwọn ará Rọ́ṣíà àti Bẹ̀lárùs ń pè é. Àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Àwọn kan ní lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà Lífì àti Fínlándì ni àwọn Slav, baba ńlá àwọn ará Rọ́ṣíà àti Bẹ̀lárùs, ti gbọ́ ọ, tí wọ́n yí i sí ẹnu tiwọn. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó túmọ̀ sí odò ní ilẹ̀ Yúróòpù ni, tó bá Don àti Danube tan. Àwọn tó wà lẹ́yìn ilé tí kò ka ìwé rárá ní, ‘Ṣebí dva ni èjì ní èdè Rọ́ṣíà? Odò méjì ló pàdé.’ Èyí kò bá odò wa mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn létí. Dvina kejì tó wà lókè lọ́hùn-ún, tó ń ṣàn lọ sí Arkhangelsk, ni odò méjì ti pàdé bẹ́ẹ̀. Nítorí pé Dvina méjì ló wà, wọ́n pe tiwa ní Zapadnaya Dvina, Dvina ti ìwọ̀-oòrùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ìwọ̀-oòrùn ta ni? Ìwọ̀-oòrùn ẹni tó dúró sí Moscow ni. Ní Riga, kò sí ìwọ̀-oòrùn kankan nínú rẹ̀. Ìlà-oòrùn ni odò náà ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn.

Orúkọ kẹrin ni Düna, ti àwọn oníṣòwò àti jagunjagun Jámánì. Nípa èyí n kò ní fi àkókò ṣòfò: orúkọ tí wọ́n bá nílẹ̀ ni wọ́n kù mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì kọ sínú ìwé owó wọn. Àwọn ará Scandinavia ti ń pè é ní Dýna ṣáájú wọn.

Ẹ má jẹ́ kí èyí yà yín lẹ́nu jù. Odò tí a ń pè ní Ọya, Kwara ni àwọn Haúsá ń pè é, bí ẹ bá sì lọ sí Mali, ẹ ó gbọ́ Joliba. Kò sẹ́ni tó ń parọ́ nínú wọn.

Àwọn ìlú tí omi náà bí

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín gba etí odò lọ sí ìsàlẹ̀, kí a máa ya ìlú díẹ̀.

Daugavpils ni a ó kọ́kọ́ kàn. Pils ni ààfin olódi. Àwọn ọmọ ogun Kristẹni Jámánì kọ́ odi kan sí ìtòsí ibẹ̀ ní ọdún 1275, wọ́n sì pè é ní Dünaburg, odi Düna. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbà á fún ìgbà díẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n pè é ní Borisoglebsk. Ní ọdún 1893 wọ́n sọ ọ́ di Dvinsk. Ní ọdún 1920, lẹ́yìn òmìnira Látfíà, ó di Daugavpils. Ayàwòrán Mark Rothko, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní tiwọn, Dvinsk ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1903. Ilé ọnà tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ wà ní Daugavpils. Ilẹ̀ kan náà ni.  Ẹni tó ń ṣàkóso ló ń yí, odò náà kan náà ni gbogbo wọn sì ń tọrọ orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, àyàfi àwọn oní-Borisoglebsk.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jēkabpils, ìlú Jékọ́bù. Jékọ́bù wo? Jacob Kettler ni, Dúùkù ilẹ̀ Courland, tó fún ìlú náà ní ẹ̀tọ́ ìlú ní ọdún 1670. Ní ayé ìgbà náà, odò yìí ni ààlà: Courland wà ní bèbè òsì, àwọn aláṣẹ mìíràn wà ní bèbè ọ̀tún. Mo fẹ́ yà bàrá díẹ̀ níbí, ẹ gbà mí láyè. Dúùkù Jékọ́bù yìí kan náà, olórí ilẹ̀ kékeré lẹ́bàá Baltic, ló rán ọkọ̀ wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1651, àwọn ènìyàn rẹ̀ ra erékùṣù kan nínú Odò Gáḿbíà, wọ́n kọ́ odi síbẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ọ̀gá wọn pe odi náà. Ní ọdún 1661, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n pè é ní James Island fún James, àbúrò ọba wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín: Jacob àti James, Jacobus kan náà ni nínú èdè Látìn. Odi àwọn oníṣòwò ẹrú ni ibẹ̀ dà. Kunta Kinteh ni orúkọ erékùṣù náà láti ọdún 2011.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú omi wa. Ní ìsàlẹ̀, kí a tó dé Riga, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Ikšķile. Orúkọ Lífì ni. Ikš ni ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tó kù sì ni abúlé. Ibẹ̀ ni àlùfáà kan láti Jámánì tí ń jẹ́ Meinhard, tó bá àwọn oníṣòwò wọ ọkọ̀ wá, kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti odi olókùúta sí ní àwọn ọdún 1180. Títí di ìgbà náà, igi àti amọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́lé ní gbogbo agbègbè yẹn. Alákọsílẹ̀ ìtàn kan tí wọ́n ń pè ní Henry, ará Livonia (ilẹ̀ àwọn Lífì), tó kọ̀wé ní àwọn ọdún 1220, ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ará Semigallia tó wà ní òdìkejì omi gbọ́ pé àwọn àlejò ti kó òkúta jọ léra wọn. Wọn kò mọ̀ pé ohun kan wà tí wọ́n fi lẹ òkúta mọ́ òkúta. Wọ́n rò pé bí ìgbà tí èèyàn bá kàn to òkúta léra wọn lásán ni. Ni wọ́n bá kó okùn ọkọ̀ ojú omi, àwọn okùn tó ki bí apá, wọ́n fẹ́ fi so odi náà, kí wọ́n fà á sínú Daugava. Ẹ fojú inú wò ó: ọkùnrin tó taagun, wọ́n ń dá okùn lé èjìká, wọ́n ń ké hó hó hó, odi kò mì. Àwọn tafàtafà inú odi ta wọ́n lọ́fà, wọ́n sì gbé ọgbẹ́ lọ sílé. Mo ti ka ìtàn yìí ju ìgbà mẹ́wàá lọ, n kò sì lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín mọ́. Ohun tí ìmọ̀ wọn gbà ni wọ́n ṣe. Àwókù ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣì wà, ṣùgbọ́n orí erékùṣù ló wà báyìí, nítorí omi dáàmù ti yí i ká. Ohun tí okùn kò lè ṣe, dáàmù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é.

Ìlú Riga gan-an, tí Bíṣọ́ọ̀bù Albert tẹ̀ dó ní ọdún 1201, kò gba orúkọ lára Daugava. Àlàyé kan ni pé ọ̀dọ̀ odò kékeré kan tí ń jẹ́ Rīdzene ni ó ti gbà á, odò tó ń dà sínú Daugava, tí àwọn ọkọ̀ ń forí pamọ́ sí nígbà kan. Lónìí ọ̀nà àti ilé ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ Riga pé ta ló kọ́ ìlú wọn, Kristaps ni wọn ó dá lóhùn. Òmìrán ni Kristaps, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa gbé ènìyàn léjìká sọdá Daugava. Lóru ọjọ́ kan, ó gbọ́ ẹkún ọmọdé ní òdìkejì. Ó lọ gbé e. Bí ó ti ń bọ̀ láàárín omi ni ọmọ náà ń wúwo sí i, ó wúwo débi pé díẹ̀ ló kù kí òmìrán náà rì. Ó gbé e dé ilé, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀bá iná, ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, owó wúrà ló bá níbi tí ọmọ wà. Owó yẹn ni wọ́n fi kọ́ Riga lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ère rẹ̀ wà nínú ilé gíláàsì kan létí odò náà: ọkùnrin gíga, ọ̀pá lọ́wọ́, ọmọ léjìká. Mo dúró ti gíláàsì náà, ó sì jẹ́ òtítọ́ pé odò ló kọ́ ìlú yẹn. Ọ̀gbọ̀, ọkà, ewéko tí wọ́n fi ń lọ́ okùn, àti gẹdú tí wọ́n so pọ̀ kó léfòó láti Bẹ̀lárùs wá, gbogbo rẹ̀ ń bá omi sọ̀ kalẹ̀ nígbà ìkún omi. Àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó kó ẹrù wá kì í padà sókè. Bí ẹrù bá ti tán nínú wọn ní Riga, wọ́n á tú ọkọ̀ náà, wọ́n á ta pákó rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Dọ́ọ̀ṣì ń ra igi ibẹ̀ fi ṣe òpó ìgbòkun.

Ní ti dáàmù

Èyí tó kù kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló kan àwọn alààyè. Dáàmù ńlá mẹ́ta ló wà lórí Daugava ní Látfíà. Ti Ķegums ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́, láàárín 1936 sí 1939, nígbà òmìnira àkọ́kọ́, ó sì dí ọ̀nà mọ́ ẹja tó máa ń ti inú òkun gòkè wá yé ẹyin. Ti Pļaviņas ni wọ́n kọ́ tẹ̀ lé e lábẹ́ ìjọba Soviet. Òun ló tóbi jù ní gbogbo ilẹ̀ Baltic. Ti Riga dé ní àwọn ọdún 1970.

Ti Pļaviņas ló gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Àpáta kan wà ní etí omi níbẹ̀ tí ń jẹ́ Staburags, tí omi ń ṣẹ́ jáde lára rẹ̀ tọ̀sán tòru. Wọ́n ní obìnrin kan ni, tó ń sunkún olólùfẹ́ rẹ̀ tí odò gbé lọ títí ó fi di òkúta. Àwọn ènìyàn bẹ̀bẹ̀ ní ọdún 1958 pé kí wọ́n má kọ́ dáàmù náà. Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ kan ara rẹ̀ lábùkù níwájú ìjọba ni. Ní ọdún 1965, omi bo Staburags mọ́lẹ̀. Ó ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, nínú omi tó pọ̀ ju ẹkún rẹ̀ lọ.

Ìjọba tún fẹ́ kọ́ ẹ̀kẹrin sí ìtòsí Daugavpils, níbi àwọn ìlọ́po tí ehoro là. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1986, àwọn òǹkọ̀wé méjì, Dainis Īvāns àti Artūrs Snips, kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn lórí rẹ̀. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn ènìyàn ń buwọ́ lù ú lábẹ́ ìjọba tí ìbuwọ́lù bẹ́ẹ̀ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ní ọdún 1987, Moscow dá iṣẹ́ náà dúró. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Īvāns yìí kan náà ni wọ́n yàn ṣe alága Ẹgbẹ́ Gbogboogbò tó ṣáájú ìjàkadì òmìnira Látfíà.

Àwọn ìlọ́po náà kò rì. Ọgbà ìtọ́jú ìṣẹ̀dá ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn abúlé onílé pákó wà létí bèbè, odò náà sì ń yí po nísàlẹ̀ wọn. Ní ọdún 2021, nígbà tí ìjọba Látfíà tún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tò, wọ́n da ìjọba ìbílẹ̀ méjì ibẹ̀ pọ̀ sí ọ̀kan, wọ́n sì ní láti wá orúkọ fún un. Augšdaugava ni wọ́n pè é, Òkè Daugava. Àwọn tó dúró ní òkè odò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi.